Orí Kẹrin: Àkókò Ni A Fi Ń Ra Dìgírì, Owó Ni A Fi Ń Ra Ìwé Ẹ̀rí Amọṣẹ́

Ọmọ tó bá jáde ìwé mẹ́wàá ní Ìperindó lónìí, tó sì wù ú kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa bọ́ ọ, ìmọ̀ràn méjì ni yóò máa gbọ́. Àwọn òbí àti olùkọ́ yóò ní kò sí ohun tó dà bíi dìgírì, kí ó jókòó ti ìdánwò JAMB títí yóò fi wọ yunifásítì. Àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ lórí fóònù yóò ní ayé dìgírì ti kọjá, pé oṣù mẹ́fà àti ìwé ẹ̀rí kan láti ọ̀dọ̀ Cisco, CompTIA tàbí Amazon ti tó láti máa gba owó dọ́là. Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà ní lọ́wọ́. Orí ìwé yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: àkókò ni a fi ń ra dìgírì, owó ni a fi ń ra ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́. Dìgírì ń gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í bà jẹ́. Ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́ ń gba oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Nítorí náà, ẹni tó ní àkókò tí kò lówó, dìgírì ni kí ó kọ́kọ́ lé. Ẹni tó ní owó díẹ̀ tí kò sí àkókò fún mọ́, ìwé ẹ̀rí ni kí ó kọ́kọ́ mú. Ohun tó kù nínú orí yìí ni ẹ̀rí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ àti èsì fún àwọn tí kò gbà.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́

Yunifásítì ń fún ni ní dìgírì lẹ́yìn ọdún mẹ́rin fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tàbí ọdún márùn-ún bó bá jẹ́ ti ẹnjiníà. Ní pólì, ND ọdún méjì ló ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ a wá lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kó tó padà wá ṣe HND ọdún méjì. Ọmọ Ìperindó kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí èyíkéyìí nínú wọn. Yunifásítì Iléṣà, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀, wà nítòsí. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ẹ̀sà-Òkè nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà. Yunifásítì OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì UNIOSUN wà ní Òṣogbo, pólì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ, yunifásítì aládàáni Joseph Ayo Babalola sì wà ní Ìkéjì-Arákẹ́jì. Ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́ kò ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tàbí ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ ló ń gbé ìdánwò rẹ̀ kalẹ̀. CCNA ti Cisco wà fún iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. A+ ti CompTIA wà fún títún kọ̀ǹpútà ṣe àti ríran àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́, Security+ sì wà fún iṣẹ́ ààbò. Ti AWS (ti Amazon) àti ti Microsoft wà fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ilé iṣẹ́ ń yá lò láti òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn kì í béèrè ibi tí o ti kọ́ ọ tàbí ọdún tí o fi kọ́ ọ. Bí o bá ti san owó tí o sì yege, tìrẹ ni.

Àwọn ilẹ̀kùn tí òfin ń ṣọ́

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó gbe dìgírì ni pé òfin ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn iṣẹ́, òfin kì í sì í wo ọwọ́ ẹni kó tó wo ìwé. Nínú iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà, ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 08, ẹni tó ní ND ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 06. Ìwé ẹ̀rí Cisco nìkan kò gbé ẹnikẹ́ni sí ìpele kankan. Ètò àgùnbánirọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 wà fún ẹni tó ní dìgírì tàbí HND, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, báǹkì ló ṣáájú wọn, a máa béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí wọ́n tó gbani. Bí ọkàn ọmọ náà bá wà ní òkèèrè, òfin tún ń dúró dè é níbẹ̀. Físà H-1B, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń gba amọṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ mìíràn, ń béèrè dìgírì tó bá iṣẹ́ náà mu tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì ń kà sí ọdún kan ní yunifásítì. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí kò ní dìgírì rárá ní láti kó ọdún méjìlá iṣẹ́ jọ kó tó lè dúró níbi tí ẹni tó lo ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ dúró sí.

Àwọn tó ń gbé ìdánwò amọṣẹ́ kalẹ̀ pàápàá ń bu iyì fún dìgírì. CISSP ti ẹgbẹ́ ISC2, tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ń béèrè ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń yọ ọdún kan kúrò fún ẹni tó bá ní dìgírì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀kọ́ tó fara pẹ́ ẹ. PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe, ń béèrè oṣù 36 lọ́wọ́ ẹni tó ní dìgírì ọdún mẹ́rin, oṣù 60 ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ẹni tó bá rò pé ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́ ti lé dìgírì kúrò lójú ọjà, kí ó wo èyí dáadáa: ní òkè àkàsọ̀, dìgírì ló ń sọ ìwé ẹ̀rí di ohun tó tètè tẹ ni lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ti kéde pé àwọn kò béèrè dìgírì mọ́. Wọ́n kéde rẹ̀ lóòótọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland náà yọ dìgírì kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n ní 2024, Burning Glass Institute àti ilé ẹ̀kọ́ okòwò Harvard wo àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ gan-an, wọ́n fi ìkéde sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé iye ènìyàn tí àyípadà yìí kàn kò tó ẹyọ kan nínú 700 tí wọ́n gbà lọ́dún kan. Ọ̀gá àgbà lè kéde ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń to ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ ni yóò jẹ́bi bí ẹni tó yàn bá kùnà, ìwé tó ti mọ̀ tipẹ́ ló sì máa ń fi ọkàn tán. Bó bá rí báyìí ní Amẹ́ríkà tó ti kéde, kí ni a ó retí ní Èkó àti Abuja tí kò tíì kéde?

Iye tí ìwé ẹ̀rí ń ná ni, àti ọjọ́ tí ó ní

A kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí kó ìyà jẹ ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́, nítorí ohun kan wà tó ń sọ tí dìgírì kì í sọ. Ó ń sọ pé ẹni yìí mọ iṣẹ́ pàtó kan báyìí. Ẹ wo ilé iṣẹ́ ìwakùsà Segilola, tó wà lágbègbè Ìperindó àti Odò-Ìjẹ̀ṣà, tó yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Keje 2021. Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ẹ̀ka báǹkì ní Iléṣà, kò lè ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dákú, ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí yóò jí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gba CCNA ti jókòó ṣe ìdánwò lórí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jáde ní yunifásítì lè má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì rí. Nítorí èyí ni ìwé ẹ̀rí fi ń tètè múni wọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ aládàáni tó mọ ohun tó ń wá a sì máa kà á sí gan-an.

Iye rẹ̀ ni kí a gbé yẹ̀ wò báyìí. Dọ́là 300 ni owó ìdánwò CCNA. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 lọ́dọ̀ ìjọba, ìdánwò náà jẹ́ nǹkan bíi ₦138,000. Lẹ́yìn tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, dọ́là gòkè dé nǹkan bíi ₦1,500 ní 2024, ìdánwò kan náà sì di nǹkan bíi ₦450,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, ní láti kó owó oṣù mẹ́fà ó lé jọ fún ìdánwò ẹyọ kan. Bó bá kùnà, yóò tún owó náà san látòkè délẹ̀. Ìdánwò méjì ni A+ ní, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbà fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé nílò iná tí kì í lọ, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já àti yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀, nítorí pé wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ. Èyí kò rọrùn ní Ìperindó, kí onítọ̀hún yáa ṣètò owó ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìdánwò ní ìlú ńlá.

Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, ọdún mẹ́ta ni CCNA ń lò, kí ẹni tó ni ín tó tún un ṣe. Ti CompTIA àti ti AWS náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe ìwé ẹ̀rí yóò tilẹ̀ gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá. Láyé ìgbà kan, kò sí ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ń lé ní Nàìjíríà tó MCSE ti Microsoft. Ní oṣù Kìíní 2021, Microsoft pa á tì, wọ́n fi àwọn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Cisco náà tún CCNA ṣe látòkè délẹ̀ ní oṣù Kejì 2020. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, nítorí ẹ̀rọ ń yí padà, ìdánwò sì gbọ́dọ̀ bá a yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó ra ohun tí ọjọ́ rẹ̀ yóò tán, tí kò sì ríṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, gbèsè nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Ẹni tó ní àkókò, ẹni tó ní owó

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Ọmọ tó bá òṣómàáló, ìyẹn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà, lọ sí ìdálẹ̀ kò ní owó, ọdún ló ní. Ó fi ọdún sin ọ̀gá rẹ̀, ó ru aṣọ káàkiri ìletò, ó kọ́ bí a ṣe ń tà láwìn àti bí a ṣe ń gba gbèsè, títí òun náà fi ní aṣọ tirẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ fi owó èlé ra aṣọ kó tó mọ ọjà, ẹrù àti owó ni ì bá pàdánù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí àwọn òbí rẹ̀ ń dáko kòkó lágbègbè Atákúnmọ́sà wà ní ipò kan náà. Ọdún mẹ́rin tirẹ̀ kò tíì wọ́n, nítorí kò sí iyàwó tàbí ọmọ tó ń dúró de owó oṣù rẹ̀. Bó bá pé ọdún márùndínlógójì, ọdún mẹ́rin kan náà yóò ti di ohun tí kò lè fojú dá. Ẹni tó bá lè fi àkókò rẹ̀ ra nǹkan, ìgbà tí àkókò pọ̀ ni kí ó rà á.

Ìjọba tún ti mú dìgírì dínwó lọ́nà tí kò gbà mú ìdánwò amọṣẹ́ dínwó. Owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò tó ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń náni gan-an. Láti 2024, ètò NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní owó láìsí èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè rí ₦20,000 gbà lóṣù fún jíjẹ àti mímu. Owó ìdánwò Cisco, àpò ara ẹni ló ti ń jáde.

Èsì fún àwọn tí kò gbà

Àtakò àkọ́kọ́ lágbára: àkókò tí a ń sọ yìí kò dáni lójú, nítorí ìyanṣẹ́lódì. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà nílé láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá 2020, wọ́n sì tún wà nílé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2022. Ẹni tó wọlé fún ọdún mẹ́rin lè jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Síbẹ̀, ó fi kún iye tí a ń fi àkókò san, kò pa ohun tí a rà run. Ọ̀nà méjì ló wà láti dín ìpalára náà kù. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lè yan ilé ẹ̀kọ́ tí kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì. UNIOSUN kò bá wọn yan iṣẹ́ lódì ní 2022, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti OAU lọ, ìyẹn ni pé o ń fi owó ra àkókò padà. Ẹni tí kò lówó, kí ó fi oṣù ìyanṣẹ́lódì kọ́ ohun tí kò gbówó, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe sọ níwájú.

Àtakò kejì ni pé ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì ti gbó. Láti sáà 2023/2024, NUC, àjọ tó ń mójútó àwọn yunifásítì, ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun kalẹ̀ tó ya ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀, tó sì fi ààbò kọ̀ǹpútà, ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ dátà kún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí a mọ̀. NUC ló kọ ìpín 70 nínú 100, ó fi ìpín 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí agbègbè rẹ̀ nílò kún un. Ìlànà lórí ìwé kò tíì di ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ gbòǹgbò nínú ẹ̀kọ́ náà kì í tètè gbó: ìṣirò, bí a ṣe ń to dátà kí ó lè yá láti rí, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tó mọ gbòǹgbò yìí ni kì í ṣòro fún láti tún CCNA ṣe nígbà tí Cisco bá yí i padà.

Àtakò kẹta ni ti Andela. Ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n síṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè. Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́ ṣe ló gbé wọn dé ibẹ̀. Àpẹẹrẹ rere ni, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Andela dá nǹkan bíi 250 nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà àti Ùgáńdà, nítorí pé àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń béèrè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan dìgírì àti ìwé ẹ̀rí pa pọ̀: kò sí èyí tó lè dípò iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe tí wọ́n sì lè rí. Èyí náà ló dáhùn àtakò kẹrin, pé àwọn tó ní dìgírì tí kò ríṣẹ́ pọ̀ nígboro. Wọ́n pọ̀. Dìgírì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi hàn nígbà tí wọ́n wọlé.

Bí a ṣe lè tò ó

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, wá kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì wà nínú wọn. Bí yunifásítì kò bá gbà ọ́ lọ́dún yìí, gba ND ní pólì. Má ṣe fi ọdún mẹ́ta jókòó nílé nítorí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan, nítorí àkókò ni owó rẹ. Láti ọdún àkọ́kọ́, máa fi ọ̀fẹ́ kọ́ṣẹ́: CS50 ti Harvard, freeCodeCamp, àwọn ẹ̀kọ́ Cisco Networking Academy lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Kò sí ohun tó ní kí o san owó ìdánwò kí o tó ní ìmọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe nílé iṣẹ́, bá dé, má lọ síbi tí wọn yóò ti máa rán ọ ní ìwé fọ́tòkọ́pì. Wá ibi tí ẹ̀rọ wà, kí o sì máa kọ ohun tí o tún ṣe sílẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn ni kí o tó san owó ìdánwò ẹyọ kan, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jáde léraléra nínú ìkéde àwọn iṣẹ́ tí o fẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta tí ìwé ẹ̀rí ní yóò bọ́ sí àkókò tí o ń wáṣẹ́.

Ìwọ tó ti ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, bóyá ìtàn tàbí ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, má ṣe padà lọ gba dìgírì kejì nítorí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí òfin ń ṣọ́ ti ṣí fún ọ, ìwé ẹ̀rí ló kù. Ẹni tó ti ní ìdílé, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ní dìgírì, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí tó bá iṣẹ́ tó ń ṣe mu, kí ó lè rí owó tó pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó forúkọ sílẹ̀ ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí a ń ti ilé kà, tó ní ibùdó ní Òṣogbo, kí dìgírì lè ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá dé ìdí CISSP tàbí PMP.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó fún ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan, ẹ béèrè ìdánwò ta ni ọmọ yóò ṣe, bóyá owó ìdánwò wà nínú owó ẹ̀kọ́, ọdún mélòó ni ìwé ẹ̀rí náà yóò lò, àti ibi tí agbanisíṣẹ́ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí èsì wọn bá jẹ́ pé àwọn fúnra àwọn ló ń tẹ ìwé ẹ̀rí, ẹ̀kọ́ ni ẹ ń rà, ẹ má san owó ìwé ẹ̀rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín ra èkìpò, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí tà, nítorí Cisco àti àwọn yòókù a máa fagi lé èsì ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n sì lè dá a dúró láti má ṣe ìdánwò wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ọmọ náà jókòó, kí ẹ kọ ọdún tó lè fi sílẹ̀ àti owó tí ilé lè yọ láìjẹ gbèsè. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ jọ fi bẹ̀rẹ̀.